Bí a ṣe ń yan ọ̀kadà oníná tó lè gun òkè Ìbàdàn

Bátìrì lẹ ń rà. Férémù, tayà, àga àti ọ̀dà pupa tó ń dán yinrin yẹn kàn tẹ̀lé e wá ni. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ẹwà ọ̀kadà oníná ló kọ́kọ́ ń wò, á sanwó ẹwà, á sì máa ti máṣìnnì gun òkè Mọ́kọ́lá lọ́sàn-án gangan.

Láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wò ó pé bóyá ó ti tó àkókò láti kúrò lórí epo. Èrò tó dáa ni. Àmọ́ Ìbàdàn kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Orí òkè méje ni wọ́n ní ìlú yìí jókòó sí, iná NẸ́PÀ náà sì ní bó ṣe ń ṣe ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Nǹkan méjì yẹn ló yẹ kó pinnu èyí tẹ́ ẹ máa rà.

1. Ẹ wọn ìrìn yín

Ẹ ṣí Google Maps lórí fóònù, kẹ́ ẹ wọn ibi tẹ́ ẹ ń lọ lójúmọ́: láti ilé sí ibi iṣẹ́, ibi tẹ́ ẹ ti ń gbé ọmọ níléèwé, ọjà, títí ẹ ó fi padà délé. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ẹrù náà mọ́ ọn: ẹ̀yin nìkan ni, àbí ìyàwó máa wà lẹ́yìn, àbí àpò gààrí láti Bódìjà? Tó bá jẹ́ pé àárín Agbowó sí inú UI ni gbogbo ìrìn yín, kẹ̀kẹ́ ológeere oníná tẹ́ ẹ ṣì máa fẹsẹ̀ wà ti tó, ẹ má wulẹ̀ da owó nù.

2. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì

Nọ́ńbà méjì lẹ ó rí níbẹ̀: fóltì (V) àti ampíà-wákàtí (Ah). Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Tí wọ́n bá kọ 60V 20Ah, 60 lọ́nà 20 jẹ́ 1,200. Wáàtì-wákàtí nìyẹn, iye agbára tó wà nínú bátìrì nígbà tó bá kún. Ọ̀kadà oníná tó gbé èèyàn kan nígboro máa ń jẹ nǹkan bíi 30 sí 40 nínú rẹ̀ fún kìlómítà kan. Tí òkè bá pọ̀ lójú ọ̀nà tàbí tí ẹnì kan bá jókòó sẹ́yìn, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti kẹ̀kẹ́ ológeere kò tó bẹ́ẹ̀, 10 sí 15 ni, torí pé ẹsẹ̀ ń bá a ṣe nínú iṣẹ́ náà.

Bátìrì kì í fẹ́ ká máa lò ó tán pátápátá, nítorí náà ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni kẹ́ ẹ kà. 1,200 ti di 960. Ẹ pín in sí ọ̀nà 35, kìlómítà 27 ló kù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tó ń tà á ti sọ fún yín pé 70 ló ń lọ! Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lù yín ní jìbìtì dandan; nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ síwèé ló ń kà. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ti ń wọn irú ìyẹn, pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo tí kò sanra, lórí eré tí kò ju bíi kìlómítà 25 ní wákàtí kan, níbi tí kò ti sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road. Ẹ gé e sí méjì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà.

Ẹni tó ń rin kìlómítà 30 lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ra 60V 20Ah yẹn, àfi tó bá níbi tó ti lè fi iná sí i lọ́sàn-án. Irú 72V 32Ah ni kó wá: 2,304 ni, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lé ní 1,840, ìyẹn máa gbé e tó kìlómítà 50, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ó wá ku irú bátìrì tó jẹ́. Olójé ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó rọjú, ọmọ ìyá bátìrì mọ́tò ni. 12V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á so márùn-ún pọ̀ fún 60V, mẹ́fà fún 72V. Ó wúwo: irú 20Ah kan tó kílò mẹ́fà sí méje, mẹ́fà rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 kílò, ẹrù tẹ́ ẹ ó máa gbé gòkè lójoojúmọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti fi iná sí i bíi ìgbà 300 sí 500, agbára rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ gan-an. Lítíọ́ọ̀mù fúyẹ́ jù ú lọ, owó rẹ̀ sì pọ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú lítíọ́ọ̀mù. Èyí tí wọ́n ń kọ LFP tàbí LiFePO4 sí lára máa ń gbà ju ìgbà 2,000 lọ, ooru kì í sì tètè dà á láàmú. Èyí tí wọ́n ń kọ NMC sí lára tún fúyẹ́ sí i, àmọ́ kì í pẹ́ tó ìyẹn, ó sì tètè ń gbiná tó bá bàjẹ́. Lójú tèmi, LFP lẹni tó fẹ́ fi ọ̀kadà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ n'Ìbàdàn gbọ́dọ̀ wá, kódà bó bá máa fi oṣù díẹ̀ kówó jọ sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún olójé tó wọ kọ́ńténà. Bátìrì olójé tí wọn ò bá fi iná sí fún oṣù mélòó kan máa ń kú sínú, á dà bíi tuntun lójú, kò sì ní lè gbé nǹkan kan. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára rẹ̀. Ní ti bátìrì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sí lára tí ọkàn yín ò gbà á gbọ́, mítà kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ṣájà á wá wọ inú òun náà. Ẹ lo bátìrì náà títí máṣìnnì fi máa dákẹ́, kẹ́ ẹ fi iná sí i títí tó fi máa kún, kẹ́ ẹ wá ka mítà. 1,200 yẹn yẹ kó fà tó 1,300 sí 1,500, torí pé ṣájà máa ń jẹ díẹ̀ dànù. Tó bá fa 700, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú páálí.

3. Ẹ gbé e gun òkè kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọ̀kadà oníná tó tó 90 kílò, tó gbé èèyàn méjì tó jẹ́ 140 kílò pa pọ̀, tó bá fẹ́ gun òkè tó ń ga ní mítà kan láàárín mítà mẹ́wàá, lórí eré 20, nílò nǹkan bíi 1,500 wáàtì. Ẹnì kan ṣoṣo á gbà tó 1,000. Nítorí náà, tí wọ́n bá kọ 500W sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ máa lọ. Wọ́n tún lè kọ 2,000W sí i kó jẹ́ pé agbára tó lè lò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí tó lè gbé láìdúró.

Ìwé kọ́ ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà ṣá, òkè ni. Ẹ ní kí wọ́n fi iná sí i kó kún, kẹ́ ẹ mú ẹnì kan tó sanra díẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gba Bẹẹrẹ gòkè Mápó, tàbí kẹ́ ẹ gun ọ̀nà tó lọ sí Premier Hotel ní Mọ́kọ́lá. Kí ojú yín wà lára fóltì tó ń hàn níwájú. Olójé 60V tó kún máa ń wà ní bíi 65 tó bá dúró. Tẹ́ ẹ bá ń gòkè, á já wálẹ̀ díẹ̀, kò burú. Tó bá já títí tó fi sún mọ́ 52 nígbà tẹ́ ẹ kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, bátìrì yẹn ti rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máṣìnnì ti máa ń gé iná fúnra wọn. Tẹ́ ẹ bá dórí òkè, ẹ bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fọwọ́ kan àárín tayà ẹ̀yìn níbi tí ẹ̀rọ wà. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò láìfí. Tó bá gbóná débi pé ọwọ́ ò lè dúró níbẹ̀, òkè kan péré ló gùn yẹn o, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́.

Ìsọ̀kalẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ wo búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ dáadáa, pàápàá tó bá jẹ́ olójé tó wúwo. Kò sì ní ariwo, àwọn èrò Bẹẹrẹ ò ní gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, ẹ ó máa fọn fèrè gan-an ni.

4. Ẹ wo iná ilé yín

Ṣájà tó ń gbé 4A sínú bátìrì 20Ah á lò tó wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Ṣé iná ń dúró tó bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín? Ìlànà tí wọ́n fi pín àdúgbò sí Band ni pé kí Band A rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń rí lóòótọ́. Nígbà tí owó Band A gòkè ní oṣù Kẹrin 2024, 225 náírà ni wọ́n ń gbà fún kílówáàtì-wákàtí kan, ìyẹn 1,000 wáàtì-wákàtí. Lórí iye yẹn, kíkún bátìrì 1,200 tó fa 1,400 nínú iná máa jẹ́ 315 náírà. Iye náà máa ń yí padà, ẹ fi ti mítà yín ṣe ìṣirò.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé ṣájà, àmọ́ tó bá ti di pé òun lẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ̀yìnkùlé lẹ gbà padà sọ́dọ̀ àwọn elépo. Sólà dáa ju ìyẹn lọ fún ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ara ṣájà: tí wọ́n bá kọ 100–240V sí i, iná tó ń ṣe bí àbẹ́là lálẹ́ kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, tó bá jẹ́ 220V nìkan, ẹ wá stabilizer. Ilé tí ọ̀pọ̀ àyálégbé ti ń pín mítà kan, ẹ bá ará ilé sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé máṣìnnì wọlé. Ìjà owó iná kì í tètè parí.

Ọ̀rọ̀ iná jíjó kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ má fi iná sí bátìrì lítíọ́ọ̀mù nínú yàrá tẹ́ ẹ ń sùn, tàbí ní pásẹ́èjì tó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà jáde. Ìta, tàbí abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ló dáa. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé látinú oòrùn, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ṣájà tirẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Ṣájà olójé àti ti lítíọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀kan náà bí ẹnu wáyà wọn bá tiẹ̀ bára mu. Bátìrì tó bá wú, tàbí tó ń rùn, ẹ gbé e jìnnà sílé, kẹ́ ẹ pe ẹni tó tà á fún yín.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń gba bátìrì tó ti tán, tí wọ́n á fún èèyàn ní èyí tó kún. Ó máa ń yá, àmọ́ bátìrì yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ wò ó bóyá wọ́n níbùdó sí ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀.

5. Ta ló máa bá yín tún un ṣe?

Tayà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n tí ọ̀kadà epo ń lò, bíi 3.00-18, ẹ ó rí i rà ní Gate. Àwọn kékeré bíi 3.00-10 máa gba ìwákiri. Lẹ́yìn náà ni fọkanáísà. Inú tayà ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn máṣìnnì yìí, wáyà rẹ̀ tó nípọn sì máa ń gba inú áásù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì. Ẹni tó ti mọ́ lára láti fi sípánà yí tìpátìkúùkù á lọ́ wáyà yẹn mọ́ nọ́ọ̀tì, á sì já a. Ẹ dúró tì í. Kó pa síwíìṣì, kó yọ ẹnu wáyà kúrò lábẹ́ àga, kó tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Tó bá ń so ó padà, kí wáyà kọjú sísàlẹ̀, kí omi òjò má baà tọ̀ ọ́ wọnú ẹ̀rọ.

Ẹ má fi wọ odò ojú títì o. Ìlú tó rí omíyalé Ògùnpa ní 1980 àti ti oṣù Kẹjọ 2011 mọ bí àgbàrá ṣe ń ga. IP67 tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, àmì pé omi kì í tètè wọnú rẹ̀, kò sọ pé bátìrì àti ṣájà náà lè fara da omi.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà epo kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò, rìwáyà tó ní mítà tó sì mọ̀ ọ́n lò ló sàn. Ẹ wá a kẹ́ ẹ tó ra nǹkan.

6. Ìwé àti owó

Nọ́ńbà, láìsẹ́ǹsì àti akoto kan oníná bó ṣe kan elépo. Ẹ ra akoto gidi. Ní 2009 tí àwọn Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú ọlọ́kadà lórí akoto, igbá làwọn kan dé sórí.

Tẹ́ ẹ bá ń sanwó, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara bátìrì sí rìsíìtì, pẹ̀lú V àti Ah rẹ̀, irú tó jẹ́, àti iye oṣù tí wárántì bátìrì fi máa wà, lọ́tọ̀ sí ti máṣìnnì. Tí wọ́n bá ní nọ́ńbà férémù nìkan làwọn máa ń kọ, ẹ mú owó yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.