Ẹ Má Fi Àtẹ Sáà Pín Ife: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Playoff Bésíbọ́ọ̀lù

Àwa tí a ti ìdí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ sí ìdí bésíbọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dà láàmú jù. Ní Premier League, ẹni tó bá wà lókè àtẹ lọ́jọ́ tí sáà parí ló gba ife, kò sí àríyànjiyàn. Ní Major League Baseball ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á wọ pápá nígbà 162 láti oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹsàn-án. Wọ́n á wá ṣa ẹgbẹ́ 12 nínú 30 fún playoff, ìdíje tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa gba ife; oṣù kẹwàá á dé, gbogbo wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Sáà gígùn yẹn wúlò o, àmọ́ ibi tó ti wúlò kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó sí.

Àṣìṣe tó gbajúmọ̀ jù ni kéèyàn wo iye eré tí ẹgbẹ́ kan ti borí, kó sì sọ pé ife ti dọwọ́ wọn. Seattle Mariners borí nígbà 116 lọ́dún 2001. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó tíì borí tó bẹ́ẹ̀ rí ni Chicago Cubs ti ọdún 1906. Àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó gba ife. White Sox tí wọ́n jọ ń gbé ìlú Chicago ló fẹ̀yìn Cubs balẹ̀ nínú World Series, ìyẹn ìpele àṣekágbá. Ní ti Mariners, Yankees lé wọn lọ sílé láàárín eré márùn-ún péré, kí wọ́n tó dé World Series rárá. Títí ọdún 2025 fi parí, wọn ò tíì fojú kan World Series rí. St. Louis Cardinals ti ọdún 2006 ńkọ́? Wọ́n borí nígbà 83 péré, wọ́n sì gbé ife lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan le débi pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kò lójú, nínú eré mẹ́wàá, mẹ́fà ni wọ́n máa borí. Kó tó gba ife, ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ la ìpele mẹ́ta já: nínú àkọ́kọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí nígbà mẹ́ta ló ń lọ; nínú méjì tó kù, ìgbà mẹ́rin ni. Nínú ìpele àkọ́kọ́, àǹfààní rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 68 nínú 100. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yòókù, ó tó nǹkan bí 71. Tí ẹ bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nǹkan bí ìdá 34 ló máa kù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó le jù ní gbogbo ayé nìyẹn o, tí kò sì ní í gba ife náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tẹ́tẹ́, ẹ gbọ́ ná.

Àṣìṣe kejì ló ń dùn mí jù, torí ó máa ń jọ ọgbọ́n: "Ṣebí wọ́n ti nà wọ́n nínú sáà?" Ẹ wo Milwaukee Brewers àti Los Angeles Dodgers lọ́dún 2025. Brewers borí nígbà 97, kò sẹ́ni tó jù wọ́n lọ lọ́dún náà. Nínú oṣù keje, wọ́n pàdé Dodgers nígbà mẹ́fà, wọ́n sì nà wọ́n nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lọ́jọ́ keje oṣù náà, Yoshinobu Yamamoto tó jẹ́ ajubọ́ọ̀lù Dodgers kò parí abala àkọ́kọ́ nínú mẹ́sàn-án tí eré kan ní tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò lórí pápá. 9 sí 1 ni eré náà parí.

Oṣù kẹwàá dé, wọ́n tún pàdé. Dodgers borí nínú eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ṣe, Brewers kò sì rí ju ayò kan ṣoṣo lọ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Blake Snell ju abala mẹ́jọ nínú eré àkọ́kọ́, ẹyọ ìgbà kan péré ni wọ́n rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá dáadáa. Nínú eré kejì, Jackson Chourio ti Brewers gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Yamamoto jù di home run, ìyẹn ni pé ó gbá a kọjá ògiri pápá. Èèyàn á ní ti oṣù keje tún ti dé. Rárá o. Yamamoto ju abala mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tán, ayò kan yẹn nìkan ni wọ́n rí gbà. Nínú eré kẹrin, Shohei Ohtani ju abala mẹ́fà láìjẹ́ kí wọ́n rí ayò kankan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbá home run mẹ́ta.

Kí ló yí padà? Nínú oṣù keje, Snell ṣì ń tọ́jú èjìká rẹ̀ tó ń dùn ún, Ohtani sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sẹ́nu bọ́ọ̀lù jíjù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú sáà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ pápá, nítorí náà ajubọ́ọ̀lù márùn-ún ní ó kéré tán ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Nínú oṣù kẹwàá, ọjọ́ ìsinmi máa ń bọ́ sáàárín, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹgbẹ́ tí ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ karùn-ún dáa ń jẹ èrè rẹ̀ nínú sáà. Tó bá di playoff, àga ni onítọ̀hún ń jókòó lé. Nínú World Series ọdún yẹn kan náà, Yamamoto ju abala mẹ́fà nínú eré kẹfà, ó sì tún padà wá lálẹ́ ọjọ́ kejì láti parí eré keje. Kò sí olùkọ́ tó máa dán irú ẹ̀ wò nínú oṣù kẹfà.

Àwọn kan á gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n á fò sí òdìkejì: "Sáà ò já mọ́ nǹkan kan, oríire lásán ni." Èyí náà ò dáa. Láti ọdún 2022, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan líìgì méjì tó para pọ̀ di MLB, ẹgbẹ́ méjì tó borí jù nínú àwọn tó ṣáájú ẹ̀ka wọn kì í kópa nínú ìpele kúkúrú kan tó ń ṣáájú mẹ́ta tí a ṣírò lókè, níbi tí eré méjì péré ti lè fi òpin sí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Ẹ ti rí i pé àǹfààní yẹn kì í ṣe kékeré. Àwọn kan tún ń sọ pé ìsinmi yẹn gan-an ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́. Ọdún 2023 ló fa ọ̀rọ̀ yẹn, torí mẹ́ta nínú mẹ́rin tó sinmi ló ṣubú: Braves, Orioles àti Dodgers. Ẹ ka ọdún mẹ́rin pọ̀, 2022 sí 2025: nínú ẹgbẹ́ 16 tó sinmi, 9 ló borí nínú ìpele tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń ṣe ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàn yín. Nínú eré 18 tó kẹ́yìn sáà ọdún 2000, Yankees pàdánù 15. Àwọn náà ló gba World Series.

Ti ìkẹyìn kan àwọn olólùfẹ́ tó ń fi oṣù kẹwàá nìkan díwọ̀n ọdún. Dodgers borí nígbà 111 lọ́dún 2022, Padres tó borí nígbà 89 sì lé wọn dànù. Ariwo ta pé kí wọ́n lé Dave Roberts, olùkọ́ wọn, lọ. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà kò lé e. Òun ló darí wọn gba ife lọ́dún 2024, àti lọ́dún 2025 tí wọ́n borí nígbà 93 péré nínú sáà.