Bí A Ṣe Lè Bá Akẹ́kọ̀ọ́ Wí Nínú Ọgbà Ilé-Ìwé Láì Lé E Lọ Sílé

Ní Iléṣà, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kó lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan kì í sábà jókòó sílé. Ìyá rẹ̀ ti gba ọjà Atákúnmọ́sà lọ, bàbá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ọ̀nà Ìgún àti Ìtagunmódì tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wa góòlù kò sì jìnnà. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan owó níbẹ̀, ó ṣòro kó tó tún padà wá jókòó ti ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé inú ọgbà ilé-ìwé ló yẹ kí ọmọ tó ṣẹ̀ ti jẹ ìyà rẹ̀, lójú àwọn olùkọ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ ìwé rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Òfin ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 ti sọ ọdún 9 àkọ́kọ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3, di dandan fún gbogbo ọmọ; bí a bá wá ń fi ọwọ́ ara wa lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ̀tọ́ tí òfin fún un là ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ọmọ kankan tó ṣẹ̀ rárá ni kí ẹ ti wá yàrá. Igun kan nínú ilé-ìkàwé tó, bí kò bá ti jìnnà sí ọ́fíìsì púrínsípà. Ẹ má lo yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí, nítorí pé ọmọ tí ẹ bá fi síbẹ̀ yóò gbà pé ilé-ìwé ti pa òun tì. Àmọ́ yàrá kọ́ ló le jù, olùkọ́ tí yóò jókòó ti ọmọ náà ni. Olùkọ́ kò tó ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, nítorí náà kí igbákejì púrínsípà pín àkókò náà fún àwọn tí kò bá ní kíláàsì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó kọ orúkọ wọn sínú ìwé, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò yẹ kí olùkọ́ tí ọmọ náà ṣẹ̀ wà lára wọn. Bí ẹ kò bá rí ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀, torí pé ọmọ tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá lóun nìkan kò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ọmọ dé ibẹ̀: ìjà, sísá kíláàsì, rírí olùkọ́ fín, bíba nǹkan ilé-ìwé jẹ́. Ohun ìjà olóró àti oògùn olóró kọjá ohun tí yàrá yìí lè yanjú. Gbèsè owó ilé-ìwé kò sí lára wọn rárá, nítorí pé òbí ló jẹ gbèsè, ọmọ kọ́.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́ tẹnu ọmọ náà kí ẹ tó dájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ọdún 1975, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ ohun kan náà nínú ẹjọ́ Goss àti Lopez: bó tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 10 péré tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé fẹ́ lé ọmọ fún, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì fún un láyè láti rojọ́. Ká ní ọmọ JSS 2 kan fọ́ ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi lákòókò ìsinmi. Ẹ fún un ní bébà, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọwọ́ tó dé orí ìjà, ohun tó ń rò nígbà náà, ẹni tó fara gbá a, àti ohun tí yóò ṣe láti fi tún un ṣe. Kó kọ ọ́ ní Yorùbá. Ní ọdún 1970, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ọmọ tó bá ń wá gẹ̀ẹ́sì kiri yóò kọ "I am sorry sir" lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì dákẹ́. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni, ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ pé ẹnìkejì ti ń fi ikú bàbá rẹ̀ bú u láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pe òbí. Ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, nítorí pé òbí tó bá rí ìpè ilé-ìwé lọ́sàn-án ti ń ronú jàǹbá: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kò séwu o, ara ọmọ yín le. Ó jà lónìí, ilé-ìwé ni yóò wà lọ́la àti lọ́túnla, ṣùgbọ́n kò ní bá àwọn yòókù jókòó ní kíláàsì." Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ìgbà tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti yọjú, ìyá tó ń pàtẹ ọjà lè tètè wá láàárọ̀ kó tó lọ ṣí ìsọ̀.

Ọjọ́ kan tó fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, kí èyí tó pọ̀ jù má kọjá mẹ́ta. Ọmọ náà yóò wọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, yóò dé nígbà tí gbogbo ayé bá dé, yóò sì wà nínú yàrá náà títí wọn yóò fi jáde, àyàfi tó bá fẹ́ jẹun, èyí tí yóò ṣe nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti wọlé padà. Kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n sì máàkì í kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìdánwò bá bọ́ sí ọjọ́ náà, yóò ṣe é. Kò sí pàṣán, kò sí kúnlẹ̀-gbọ́wọ́-sókè, kò sí koríko gígé lórí rẹ̀. Àìbá ẹgbẹ́ ṣeré fún ọjọ́ méjì, ìyà gidi ni fún ọmọ ọdún 12, ẹ má ṣe fi kún un.

Ọjọ́ tó bá ń padà sí kíláàsì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń gbójú fò, ibẹ̀ sì ni gbogbo làálàá wọn ti ń bàjẹ́. Kí olùkọ́ kíláàsì pe ọmọ náà àti ẹni tó lù jókòó kí agogo tó lù, kí olùkọ́ ka ohun tí ọmọ náà kọ síwájú wọn tí ọmọ náà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà tọrọ àforíjì, kí ẹni tó bú u náà tọrọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ àga ló bàjẹ́, kí ó bá káfíńtà di pákó mú nígbà tí wọ́n bá ń tún un kàn. Láti ìgbà náà lọ, olùkọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ tún pè é ní ìpáǹle lójú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ ní ìwé ńlá kan tí ẹ ń kọ orúkọ, ẹ̀ṣẹ̀ àti ọjọ́ sí, kí gbogbo olùkọ́ sì jọ kà á nígbà ìpàdé òpin sáà. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta ń fẹ́ olùdámọ̀ràn àti àbẹ̀wò sílé, yàrá nìkan kò lè wò ó sàn. Bó bá sì jẹ́ pé kíláàsì olùkọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá, kí púrínsípà lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì náà, kó wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn.