Máítà Tí Kò Ní Yà: Bí A Ṣe Ń Fi Irinṣẹ́ Ọwọ́ Gé Igun Férémù ní Ẹ̀pẹ́

Ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fi ayùn ọwọ́ àti ìfági kan férémù fúnra rẹ̀: ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún fèrèsé, ti àwòrán, ti etí ilẹ̀kùn, tàbí ti ajọ̀ gàrí. Máítà ni àwọn káfíńtà ń pe igun tí igi méjì ti pàdé ní ìdábùú: a gé ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dígírì 45, àpapọ̀ wọn sì di 90. Ẹwà rẹ̀ ni pé ẹnu igi kì í hàn síta. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Férémù kan ní igun mẹ́rin, ìgé mẹ́jọ. Bí ayùn bá fi ìdajì dígírì péré yẹ̀ ní ìgé kọ̀ọ̀kan, sí apá kan náà, dígírì mẹ́rin ló ń dúró dè yín ní igun ìkẹyìn. Lórí igi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, àlàfo ibẹ̀ á tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀fọn á gba ibẹ̀ wọlé láìtẹrí ba.

Igi kọ́kọ́, ayùn lẹ́yìn

Ẹ̀pẹ́ wà létí ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í gbẹ dáadáa àfi nígbà ọyẹ́. Pákó tó wà níta ìsọ̀ tí òjò ń pa lè gbẹ lójú, kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí omi bá ń jáde lára igi, ìbú rẹ̀ á máa súnkì, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Nítorí náà, dígírì 45 tí ẹ gé lára igi tútù á dín kù nígbà tí igi bá gbẹ tán. Bí ẹ bá rí máítà tó là ní inú igun, tí ti òde ṣì kanra, igi tútù ni wọ́n fi ṣe é. Bí ó bá là ní òde, tí ti inú kanra, igi gbígbẹ ni, ó padà mu omi, ó sì wú. Ẹ̀bi ayùn kọ́ ni méjèèjì, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń dì í rù ú.

Ẹ ra igi sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ tò ó sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan sí èkejì. Ẹ máa gbé ọ̀kan nínú wọn lé òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, igi náà ti bá afẹ́fẹ́ ilé yín dọ́gba.

Arère dára fún férémù inú ilé. Ó fúyẹ́, ayùn sì ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò máa ń lu ú, ṣóńṣó rẹ̀ tètè ń fọ́, kò sì yẹ níbi tí òjò ti ń nà án. Ìrókò ló tọ́ sí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà. Ẹ fi aṣọ bo imú bí ẹ bá ń gé e, eruku rẹ̀ máa ń ta ẹlòmíràn lára. Tíìkì ní òróró: ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú tínà nu ẹnu rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní mú.

Irinṣẹ́

Ayùn ńlá tí a fi ń la pákó kò wúlò níbí. Ńṣe ló máa ń fa igi ya. Ayùn kékeré tí wọ́n fi irin dè lẹ́yìn ni kí ẹ lò, èyí tó ní eyín 12 sí 14 nínú íǹṣì kan. Irin ẹ̀yìn yẹn ni kì í jẹ́ kí ó tẹ̀. Ákísọ́ọ̀ lè gé igi tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n abẹ rẹ̀ máa ń yí nínú igi tó nípọn.

Ẹ yẹ sukúwéà yín, irinṣẹ́ tí a fi ń wo igun 90, wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ gbé e ti etí pákó tó tọ́, ẹ fa ìlà kan, ẹ yí i dojú kọ apá kejì, ẹ tún fa ìlà láti ojú kan náà. Bí ìlà méjèèjì kò bá bọ́ sórí ara wọn, irọ́ ni sukúwéà náà ń pa. Ọ̀bẹ tó mú ni kí ẹ fi máa fa ìlà ìgé. Ìlà pẹ́ńsùlù nípọn jù. Ọ̀bẹ á sì ti gé ojú igi sílẹ̀ kí ayùn tó dé ibẹ̀.

Ẹ lè kan àpótí máítà fúnra yín pẹ̀lú pákó líle mẹ́ta tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40: ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi gọ́tà tí kò ní ìdérí. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ láti òde dé òde. Bí ó bá jẹ́ 12, ẹ fi sukúwéà fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀, kí sẹ̀ǹtímítà 12 wà láàárín wọn. Ìlà tí ẹ bá fà láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, 45 nìyẹn, kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹ fi sukúwéà sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi ayùn là á dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi mìlímítà kan ṣì í wọ̀n, ẹ ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dígírì.

Àpótí yìí ń mú ayùn rìn tààrà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń parí iṣẹ́. Pátákó tí a ó ti máa fá ẹnu igi ló ń parí rẹ̀, tí ẹ bá sì máa ṣe ẹyọ kan nínú méjèèjì, èyí ni kí ẹ ṣe. Ẹ mú pílíwúùdù kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30. Ẹ lẹ òmíràn tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 20, mọ́ ọn lórí, kí ó ṣẹ́ku ọ̀nà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ìfági á máa gbà lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí pílíwúùdù òkè, ẹ ya ojú onígun mẹ́rin 20 sí 20, kí ẹ fa ìlà ìdábùú rẹ̀ láti etí ọ̀nà ìfági bọ̀ wá sápá ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì fi ìṣó onísíkúrù de igi líle mọ́ ojú ìlà náà.

Igi á dúró lápá ọ̀dọ̀ yín, etí òde rẹ̀ á fara ti igi líle yẹn, ẹnu rẹ̀ á yọ díẹ̀ síbi ọ̀nà. Báyìí, ìfági á máa lọ láti inú igun sí ṣóńṣó òde, igi líle á sì gbá ṣóńṣó náà mú kí ó má fọ́. Bí ẹ bá gbà á ní òdìkejì, ẹnu igi á máa ya. Fún ìgé òdìkejì, ẹ kàn dojú igi délẹ̀. Abẹ ìfági gbọ́dọ̀ mú débi tí yóò fi fá irun apá, kí ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Férémù nẹ́ẹ̀tì 60 sí 80

Ẹ jẹ́ ká mú férémù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó gùn ní 80, láti òde dé òde, igi rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Igi kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 á tó o, á sì ṣẹ́ kù. Inú rẹ̀ á fẹ̀ ní 50, á gùn ní 70, nítorí ìgé kọ̀ọ̀kan ń mú 5 lọ.

Àwọn igi gígùn ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ó ṣì lè di kúkúrú. Ojú tó dára ni kí ó kọjú sókè nínú àpótí, torí abẹ́ ni ayùn ti máa ń fa igi ya. Ẹ gé e lẹ́yìn ìlà, kí ẹ fi mìlímítà kan sí méjì sílẹ̀ fún ìfági.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé, tí wọ́n sì ń di ẹ̀bi ru dígírì: igi méjì tó dojú kọ ara wọn kò gùn dọ́gba. Dígírì lè pé, kí férémù ṣì yà, bí ọ̀kan bá jẹ́ 80 tí èkejì jẹ́ 79.9. Ẹ má fi téèpù wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó méjèèjì pa pọ̀, kí ẹ fi ìka pa ṣóńṣó wọn. Ìka mọ ohun tí ojú kò rí. Ẹ máa fá èyí tó gùn títí ìka kò fi ní mọ ìyàtọ̀.

Ẹ tún yẹ ẹnu igi wò ní ìnípọn. Bí ó bá dagun, máítà á kanra lójú kan, á sì là lójú kejì. Bí ẹ bá kó igi méjì pọ̀ tí igun wọn sì ju 90 tàbí tí kò tó o, ẹ fi bébà kan tàbí méjì sáàárín igi líle àti igi tí ẹ ń fá, lápá kan. Ìyàtọ̀ díẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń tó.

Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tò láìsí gọ́ọ̀mù. Ìdábùú láti igun sí igun gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 gan-an ní ọ̀nà méjèèjì. Bí igun kan bá ṣì là díẹ̀, ẹ de igi méjèèjì mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe kanra, kí ẹ fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín wọn kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu méjèèjì á bára mu. Ẹ rántí pé ó ń dín gígùn kù, nítorí náà ẹ ṣe é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lílẹ̀

Ẹnu igi máa ń fa gọ́ọ̀mù mu bí kànìnkànìn. Ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ tó tún un pa. Kò sídìí láti ra kíláǹpù. Rọ́bà inú táyà ọ̀kadà tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi yí férémù náà ká, kí ẹ sì fi igi wẹ́wẹ́ onígun sí igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wọn ìdábùú kí gọ́ọ̀mù tó dì. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, kí ó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò.

Gọ́ọ̀mù nìkan kò lè gbé máítà ró. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi ayùn la igun òde kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù ti igi pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́. Ẹ gé èyí tó yọ síta láti igun wá sí àárín. Bí ìṣó lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ lu ihò fún un, kí ẹ sì gbé igi tí ẹ ń kàn sókè ní mìlímítà kan, torí òòlù á tì í padà sí ààyè rẹ̀.

Férémù tí a ń tẹ́ wáyà sí fún yíyan ẹja kò gbọ́dọ̀ jẹ́ máítà. Ooru iná á gbẹ igi náà ju bí afẹ́fẹ́ ṣe gbẹ ẹ lọ, inú igun rẹ̀ á là láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbẹ́ ìdajì ìnípọn kúrò lára igi méjèèjì, kí wọ́n gùn orí ara wọn, kí ẹ sì fi ìṣó méjì kàn án. Kò lẹ́wà tó máítà, ṣùgbọ́n ó ń farada iná.