Bí A Ṣe Ń Pinnu Bóyá Kí Agbẹ̀bí Bá Wa Fọ́ Omi Nígbà Ìrọbí

Yorùbá ní orúkọ fún ọmọ tó wáyé tòun ti àpò omi rẹ̀ lódindi: Òkè ni. Èyí tí awọ àpò náà bò lórí àti lójú, bó bá jẹ́ ọkùnrin, Sàlàkọ́ ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, Tàlàbí ni. Orúkọ wọ̀nyí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bá ń bá àwọn aláboyún sọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ló gbà pé omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ kí ọmọ tó lè wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó sábà máa ń fọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìrọbí bá ti wọra, ti àwọn díẹ̀ kì í sì í fọ́ títí ọmọ fi jáde.

Àmọ́ nínú yàrá ìbímọ, nọ́ọ̀sì lè gbé abọ́ irinṣẹ́ dé, kó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká bá yín fọ́ omi yìí kó lè yá." Ìrora kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, òmíràn ti ń bọ̀, ìyá á ní, "Ó dáa, mà." Èmi náà dáhùn bẹ́ẹ̀ nígbà oyún mi àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Ìgbà tí mo di agbẹ̀bí ni mo tó mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe ṣe pàtàkì tó, torí awọ tí a bá ti fà ya, kò ṣeé rán padà.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí. Agbẹ̀bí á fi ìka méjì kan ẹnu ilé ọmọ. Á wá ti ohun èlò oníke kan gba ẹ̀gbẹ́ ìka náà wọlé: ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀ bíi ti ìwọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń hun fìlà ọmọ. Òun ni á fi fa awọ náà ya. Awọ yẹn kì í mọ ìrora. Ọwọ́ tó wọlé ló ń dunni, pàápàá bí ẹnu ilé ọmọ ò bá tíì ṣí tó. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á tú sábẹ́ ìdí. Láìpẹ́, ìrora lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí orí ọmọ ti ń tẹ ẹnu ilé ọmọ láìsí tìmùtìmù omi láàárín wọn mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kílíníìkì aláboyún

Kí oṣù kẹjọ tó pé, ẹ bi àwọn tó máa gbẹ̀bí yín: "Ṣé gbogbo ẹni tó bá ń rọbí níbí lẹ ń fọ́ omi fún, àbí ẹni tó bá nídìí nìkan?" Ẹ rí i pé èsì àyẹ̀wò HIV yín wà nínú káàdì, àti èsì síkáànì tó sọ ibi tí ibi ọmọ wà. Ìyá tó bá ní HIV, kò yẹ kí wọ́n fọ́ omi rẹ̀ láìsí ìdí tó lágbára, kí kòkòrò má baà ráyè ran ọmọ. Bí ibi ọmọ bá sì dí ọ̀nà lábẹ́, tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá gba ara awọ kọjá níwájú ẹnu ilé ọmọ, a kì í fọ́ ọ rárá, torí ẹ̀jẹ̀ ló máa tú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí ìyá tó máa tẹ̀ lé yín lọ mọ ohun tí ẹ fẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó lè má sí okun ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ béèrè ìdí

"Ẹ ṣé, mà. Ṣé wàhálà kan wà ni, àbí torí kó lè yá?"

Bó bá jẹ́ torí kó yá lásán, tí ìrọbí ń lọ bó ṣe yẹ, tí ọkàn ọmọ sì ń lù dáadáa, ẹ lè ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Lọ́dún 2013, àwọn olùṣèwádìí àjọ Cochrane, tó ń yẹ ìwádìí ìlera wò, kó ìwádìí 15 jọ, tó kan obìnrin tó lé ní 5,000. Wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú pé fífọ́ omi ń jẹ́ kí ẹnu ilé ọmọ tètè ṣí tán, wọ́n sì ní kò yẹ ká sọ ọ́ di àṣà fún gbogbo ẹni tó bá ń rọbí. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2018 náà ò fọwọ́ sí i pé ká fọ́ omi kìkì kí ìrọbí má baà pẹ́. Ìlànà yẹn ní ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 5 ni ìrọbí wọra, àti pé kì í ṣe gbogbo obìnrin ni ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ ń fi sẹ̀ǹtímítà 1 ṣí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣì wà ní 3, tí wọ́n ń sọ fún pé ó ti pẹ́ jù, kí ó fọkàn balẹ̀.

Bí ìrọbí bá ti wọra ṣùgbọ́n tó dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní fífọ́ omi nírú àsìkò yẹn lè gé nǹkan bíi wákàtí kan kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora á le sí i. Ní tèmi, màá gbà fún wọn. Bó bá sì jẹ́ pé ọkàn ọmọ ló ń dá wọn lóró, tí wọ́n ní ó yẹ kí ọmọ jáde kíá, ẹ má fi àríyànjiyàn dá wọn dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi wọ́n léèrè orí ọmọ

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí: "Ṣé orí ọmọ ti wọlẹ̀ dáadáa?" Bí orí bá ṣì ń léfòó lókè, tí omi wá tú lójijì, ìwọ́ ọmọ lè bá omi yọ síwájú. Orí á tẹ ìwọ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní ráyè lọ sára ọmọ mọ́. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹlẹgbẹ́ mi kúnlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka ti orí ọmọ sókè kúrò lára ìwọ́, a sì ń ti àwọn méjèèjì lọ sí tíátà bẹ́ẹ̀. Kò yọ ọwọ́ títí dókítà fi gbé ọmọ jáde láti ikùn. Ọmọ náà ké, gbogbo wa sì bú sẹ́kún.

Ewu yìí pọ̀ sí i fún ọmọ tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ wáyé bí Ìgè. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èékánná tàbí ohunkóhun fọ́ omi yín nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbìyànjú nǹkan míì ná

Ẹ tọ̀, torí ìtọ̀ tó kún inú lè má jẹ́ kí orí ọmọ wọlẹ̀. Ẹ dìde rìn, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ padà, ẹ mu nǹkan díẹ̀ bí wọ́n bá gbà yín láyè. Lẹ́yìn náà, ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní wákàtí méjì, kí ẹ máa gbọ́ ọkàn ọmọ. Bí kò bá yí padà, ẹ wá bá mi fọ́ ọ."

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá gbà

Kí wọ́n gbọ́ ọkàn ọmọ ṣáájú, kí wọ́n tún gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ tí omi bá tú. Láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó máa lù. Ẹ má dìde kí wọ́n tó ní kò séwu.

Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ tí omi rin hàn yín. Omi tó dáa mọ́ gaara, tàbí kó funfun díẹ̀ bí omi àgbọn. Bó bá ní àwọ̀ ewé, ọmọ ti yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń di wàhálà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọkàn ọmọ lójú méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń dà, ẹ pe dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, kí ọwọ́ tó ń wọlé dín kù, torí ọ̀nà ti ṣí fún kòkòrò. Bí ara yín bá gbóná tàbí tí omi náà bá ń rùn, ẹ sọ fún wọn. Bó bá ti ń tó wákàtí 18 tí ọmọ ò tíì dé, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n fún yín lóògùn tó ń pa kòkòrò. Nítorí èyí, kí ẹni tó tẹ̀ lé yín wo aago lójú ẹsẹ̀, kó sì kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀: aago tí wọ́n fọ́ ọ, àti àwọ̀ omi náà.