Oru mẹ́ta tí "kíákíá" fi jẹ mí níyà

Oru mẹ́ta gbáko lọ mọ́ mi lọ́wọ́, epo jẹnẹrétọ̀ 12,000 náírà sì bá a lọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kíákíá.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ kó dá àpètúnpè mọ̀: kíákíá, wéréwéré, díẹ̀díẹ̀. N kò fẹ́ to ọ̀rọ̀ jọ, torí ojoojúmọ́ là ń dá tuntun. Òfin ni mo fẹ́ kọ.

Ẹ̀kọ́ orí fídíò tí mo sanwó fún ló kó bá mi. Ní 1959, Noam Chomsky, onímọ̀ ẹ̀dá èdè, pín gírámà, ìyẹn àkójọ òfin tó ń sọ bí a ṣe ń to lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀, sí ìsọ̀rí mẹ́rin, láti 0 dé 3. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni agbára ń pọ̀ sí i. Olùkọ́ náà ní ìsọ̀rí 2 tó fún ohunkóhun tó bá ní ìkejì. Mo gbà á gbọ́. Òfin mi kúrú (S dúró fún àyè tí a ṣì máa kún): S di k S k, S di í S í, bẹ́ẹ̀ títí lẹ́tà fi tán. Mo fi kíákíá dán an wò, ó kọ̀ ọ́. Mo tún òfin kọ, ó tún kọ̀. Lóru kejì, ọwọ́ mi ṣèèṣì tẹ kíááík, ó sì gbà á wọlé!

Inú bí mi débi pé mo dìde kúrò nídìí tábìlì. Bí abọ́ tí a tò léra ni irú gírámà yìí ṣe ń rántí nǹkan: èyí tí o gbé lé e kẹ́yìn lo máa kọ́kọ́ mú. K wọlé, í wọlé, á wọlé. Bó bá ń tú u, á ló kọ́kọ́ ń jáde. Òjìji inú dígí ló ń ṣe, kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò lópin ju agbára ìsọ̀rí 2 lọ. Ìsọ̀rí 1 ló wà. Ó yẹ kí wọ́n sọ ìyẹn kí wọ́n tó gbowó.

Ìlà regex kan péré, ìyẹn àpẹẹrẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ọ̀rọ̀, ló parí iṣẹ́ náà: ^(.+)\1$. \1 yẹn ń ní kó tún rí ohun tó wà nínú àkámọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ìsọ̀rí 3 ni ìwé máa ń fi regex sí, àmọ́ àmì yìí gbé e kọjá ibẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nìkan ló ṣì kọ̀, torí àmì orí àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kò tò bákan náà nínú fáìlì. Mo fi normalize, àṣẹ tó ń to irú àmì bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà kan náà, tò wọ́n, ó gbà.

Ká ní mo mọ̀, bébà ni mi ò bá kọ́kọ́ mú, kí n fa ìlà láti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ìkejì rẹ̀. Bí ìlà kan bá wà nínú ìkejì, ìsọ̀rí 2 tó. Bí wọ́n bá gba orí ara wọn kọjá bíi ti kíákíá, má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Wéréwéré ti ń wọlé báyìí láìjanpata. Ilékílé ló kù, torí k wọ àárín rẹ̀, i sì ti di í nínú ẹ̀dà rẹ̀.