Bóòtù aláfẹ́fẹ́ tó ti gbó tó sì ń jò: ẹ má tíì ra gọ́ọ̀mù o

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí bóòtù yín, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi aláfẹ́fẹ́, láàárọ̀ tó wá rọ̀ nígbà tó fi máa di alẹ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Atẹ́gùn máa ń sunkì tí òtútù bá mú un, bóòtù tó le gan-an nínú oòrùn máa rọ̀ díẹ̀ tó bá dénú omi tútù, kì í ṣe pé ó lu.

Àmọ́ tó bá ń rọ̀ ṣáá, ẹ fẹ́ ẹ kó le, ẹ po omi ọṣẹ kẹ́ ẹ fi fóòmù pa á sí gbogbo ara ẹ̀, ibi tó bá ti ń hó, ẹ fi bíárò yí i ká. Ẹnu fáàfù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́! Yanrìn lè há síbẹ̀, róbà kékeré inú ẹ̀ sì lè ti gbẹ, ẹ nù ún tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, wàhálà lè parí síbẹ̀. Tí ọṣẹ ò bá hó níbì kankan, ẹ fẹ́ apá kan ṣoṣo, tí apá kejì bá wá ń wú fúnra ẹ̀, a jẹ́ pé ohun tó pín inú ẹ̀ ló ya, páàṣì ìta ò ràn án.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Bóòtù tí wọ́n fi PVC (irú ike kan) ṣe ní gọ́ọ̀mù tiẹ̀, èyí tí wọ́n fi Hypalon (irú rọ́bà kan) ṣe náà ní tiẹ̀, ìkan ò lè di èkejì mú dáadáa. Súpà gúlù ńkọ́? Rárá o, tó bá gbẹ ó máa ń le gbagidi, bóòtù sì máa ń ká, á kàn sán ni.

Ẹ tú atẹ́gùn ẹ̀ tán. Ẹ gé páàṣì róbótó tó máa fi sẹ̀ǹtímítà 5 kọjá ihò yẹn níbi gbogbo, torí páàṣì tó ní igun tètè máa ń ṣí. Ẹ nu ojú ibẹ̀ mọ́ (tó bá jẹ́ Hypalon, ẹ fi sánpépà ha á díẹ̀), kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra páàṣì àti ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, ẹ tún un rà, tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ tán ẹ lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Ìta gbangba ni o, kó jìnnà sí iná, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ òjò, ọ̀rinrin máa ń ba gọ́ọ̀mù jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ló ń ṣí, ẹ má fi ẹ̀mí yín wewu, bóòtù yẹn ti lo ìgbà tiẹ̀ tán. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ, kó sùn mọ́jú lórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sómi.