Bí A Ṣe Ń Yan Kíìtì Bírò Tí A Fẹ́ Fi Ọwọ́ Ṣe fún Títà

Bírò àkọ́kọ́ tí mo tà, màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Manchester ló rà á. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n yọ bírò náà jáde nínú báàgì, wọ́n ti fi tíṣù wé e bí ẹni wé oògùn. "Ọmọ mi, góòlù yìí ń ṣí o." Mo wò ó. Igi ìrókò tí mo fi ọwọ́ ara mi dán ṣì ń kọ mànà, àmọ́ irin ìsàlẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò máa ń gbé lé, ti di aláwọ̀ eérú. Mo dá owó wọn padà. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó jókòó ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àpò kíìtì tí mo ti ń rà.

Fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí, kíìtì ni àpò kékeré tí gbogbo irin bírò wà nínú rẹ̀: páìpù idẹ kan tàbí méjì, ẹnu bírò, ohun tó ń yí rìfíìlì jáde, irin tí a fi ń kọ́ ọ sápò, àti rìfíìlì fúnra rẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí tàdáwà wà nínú rẹ̀. Igi ni tiyín. Ẹ ó lu ihò sí i, ẹ ó fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù mọ́ inú rẹ̀, ẹ ó gbé e sórí léèdì, ẹ̀rọ tí ń yí igi bírí, ẹ ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ títí yóò fi bá irin mu, ẹ ó dán an, ẹ ó wá tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Igi ni ojú ọjà, àmọ́ irin inú kíìtì ni oníbàárà ń yí lójoojúmọ́.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè rìfíìlì

Ojú ẹni tó ń ra kíìtì fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń lọ sára ohun tó ń dán. Rìfíìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó ra bírò £35 lọ́wọ́ yín kò ní sọ ọ́ nù nítorí pé tàdáwà tán. Yóò wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé tó sún mọ́ ọn. Ṣé yóò rí i rà níbẹ̀?

Oríṣi méjì ló gbòde, orúkọ ilé iṣẹ́ bírò méjì ni a fi ń pè wọ́n. Irú ti Cross tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, a sì ń yí orí rẹ̀ wọlé bí ìdérí ìgò. Irú ti Parker sanra díẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ 98 mm, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló sì ń ṣe é, títí kan èyí tó ní tàdáwà gel. Èyí tó bá ń lo irú ti Parker ni mo fi ń ṣe ọjà báyìí. Ohun kan wà tó ti da oníbàárà mi méjì láàmú: orúkọ tí ìlànà àgbáyé fún irú ti Parker yìí ni G2, ilé iṣẹ́ Pilot náà sì ní pẹ́ẹ̀nì kan tó ń jẹ́ G2. Rìfíìlì Pilot yẹn kò wọ inú rẹ̀ rárá. Mo wá ń kọ ọ́ sínú páálí: "Ẹ béèrè irú ti Parker."

Lẹ́yìn náà, àwọ̀ irin

24k, ìyẹn góòlù pọ́ńbélé, ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àpò tèmi, kì í sì í ṣe irọ́. Góòlù gidi ni, ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi pẹ́: góòlù rọ̀, ó sì fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà lórí irin yẹn. Òógùn ọwọ́ àti kọ́kọ́rọ́ inú àpò ti tó láti ha á kúrò. Bí oníbàárà bá fẹ́ àwọ̀ góòlù, ẹ wá èyí tí wọ́n pè ní titanium gold tàbí titanium nitride. Ó le ju góòlù lọ dáadáa. Kúróòmù kò wọ́n, ó sì ń pẹ́. Rhodium àti black titanium wọ́n jù ú lọ, wọ́n sì yẹ fún bírò tí ẹ fẹ́ tà ní owó ńlá. Mi ò ra 24k mọ́, kódà bí wọ́n bá tà á ní ẹ̀dínwó.

Irú kíìtì wo?

Slimline ni ọ̀pọ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré jù, páìpù méjì ló ní, ihò 7 mm la sì ń lu fún un. Mo ṣì ń fi kọ́ ọmọdé. Àmọ́ ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ́wọ́ àgbàlagbà tí oríkèé ń dùn, irú ti Cross ló ń lò, ó sì ní ẹ̀tàn kan níbi tí a ti ń tò ó pọ̀. Ohun tó ń yí rìfíìlì jáde kò ní ibi tó ti ń dúró fúnra rẹ̀ nínú páìpù; bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlé tó ló ń sọ bí ẹnu bírò ṣe máa yọ tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ yí rìfíìlì sí i, ẹ gbé ẹnu bírò sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó. Kò tíì yọ tó? Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bí nínípọn èékánná. Bí ó bá lọ kọjá, ẹnu rẹ̀ á máa yọ síta nígbà tí ẹ bá yí i pa pàápàá, á sì fi tàdáwà ba ṣẹ́ẹ̀tì ẹni jẹ́. Ìgbà tí mo gbìyànjú láti fà á padà, igi ló là.

Sierra ló ń tà jù lórí tábìlì ọjà mi. Páìpù kan ṣoṣo ló ní, òrùka kò gé igi sí méjì, irú ti Parker ló sì ń lò. Ihò rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 27/64, nǹkan bí 10.7 mm, kì í sì í ṣe ẹnu dírìlì tó wà nínú àpótí gbogbo èèyàn, nítorí náà ẹ rà á pọ̀ mọ́ kíìtì. Ìrókò tí mo ń lò fún un wá láti ara tábìlì yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Bìrìtìkó àtijọ́, tí wọ́n ń tú tà. Igi ilé wa ló ti bá àwọn ọmọ òyìnbó kọ́ kẹ́mísírì! Ẹ di imú yín o. Eruku ìrókò kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Cigar sanra, páìpù méjì, ihò 10 mm. Bàbá ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tóbi ló wà fún. Bolt action, tó ní irin ẹ̀gbẹ́ bí ìbọn, ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń dúró fi ṣeré lórí tábìlì, wọ́n á sì rà á.

Gègé olómi tàdáwà yàtọ̀. Ẹ má wo irin rẹ̀ rárá kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu tó bá a wá bá ń ha ìwé, ẹ béèrè bóyá ẹnu ìwọ̀n #6 ti ilé iṣẹ́ JoWo tàbí Bock ti Jámánì wọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣírò owó rẹ̀ mọ́ ọn. Èmi kò tíì fi gègé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ẹ ra ẹyọ kan, kí ẹ tó ra mẹ́wàá

Oríṣi kíìtì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní òrùka irin tirẹ̀ tó ń fi ìwọ̀n tí a ó gbẹ́ igi dé hàn, tí wọ́n ń pè ní bushing. Oríṣi kíìtì márùn-ún lè gba oríṣi bushing márùn-ún, àti ẹnu dírìlì tó lè tó márùn-ún. Ẹ fi oríṣi méjì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe ẹyọ kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, ẹ jù ú sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti owó wẹ́wẹ́ fún oṣù kan, kí ẹ máa fi kọ nǹkan lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ra mẹ́wàá, torí iye rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ bí ẹ bá rà á pọ̀.

Iye tí ẹ ó tà á

Sierra mi kan rèé: kíìtì £9, igi £1.50, gọ́ọ̀mù àti sáńpépà £1, páálí £1.50. £13 nìyẹn. Wákàtí kan àtààbọ̀ ní £12 fún wákàtí kan jẹ́ £18. Mo fi £4 lé e fún owó tábìlì ọjà. £35. Ẹni tó bá ní ó wọ́n, mo máa ń gbé bírò lé e lọ́wọ́ kí n tó dáhùn. Ní Bìrìtìkó, bí àpapọ̀ gbogbo owó tó wọlé fún yín nídìí irú ọjà báyìí kò bá ju £1,000 lọ láàárín ọdún owó orí kan, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi tó àwọn aláṣẹ owó orí létí.

Màmá gba òmíràn lọ́wọ́ mi, Sierra aláwọ̀ góòlù titanium, igi ìrókò kan náà. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n tún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, àyà mi já. Rìfíìlì ni wọ́n ń béèrè, aláwọ̀ búlúù.